Hẹpatáítíìsì B àti oyún: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láti ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì títí ọmọ á fi sún mọ́ ọdún kan

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí oyún, àtẹ̀yin ọkọ wọn náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí ó gùn díẹ̀. Hẹpatáítíìsì B, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, wà láàárín wa ju bá a ṣe rò lọ. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú 100 àgbàlagbà, bí èèyàn 8 ni wọ́n bá a lára wọn. Ìyẹn ni pé tí aláboyún mẹ́tàlá bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì áńtínátà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní in kó má sì mọ̀, torí ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ ò yẹ́lò, kò ní ibà, oúnjẹ ń wọlé. Kòkòrò tó ń fa àrùn yìí lè wà nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn fún ogún ọdún kó má fi àmì kankan hàn.

Ohun tó ká mi lára jù níbẹ̀ ni ti ọmọ. Tí àgbàlagbà bá kó o, ara ọ̀pọ̀ wọn ló máa lé e jáde fúnra ẹ̀, nínú 100 wọn kì í tó 5 tó máa wà lára wọn títí. Ọmọ ìkókó ò ní agbára yẹn. Nínú 100 ọmọ tó bá kó o lásìkò ìbí, bí 90 ló máa bá dàgbà, àwọn míì nínú wọn á sì dé ọgbọ̀n, ogójì ọdún kí ẹ̀dọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ tàbí kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yọjú, nígbà tí wọ́n ti di ọkọ tàbí ìyàwó ilé, tí àwọn ọmọ ti ń wojú wọn.

Àmọ́ kì í sábà jẹ́ inú oyún ló ti ń ran ọmọ. Ìgbà ìrọbí àti ìbí gan-an ni, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá kan ara ọmọ. Nítorí ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bá tètè gún fún ọmọ fi lè dá kòkòrò yẹn dúró kó tó ráyè múlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ. Láàárín wákàtí 24 tí ọmọ dáyé ni wọ́n gbọ́dọ̀ gún un. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ látibí lọ, abẹ́rẹ́ yẹn la fi ń múra sílẹ̀ dè.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi orúkọ béèrè tẹ́ẹ̀sì yẹn

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún áńtínátà ni kẹ́ ẹ ṣe é. Orúkọ tẹ́ẹ̀sì náà ni HBsAg. Ẹ má kàn rò pé torí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ lára yín, ó ti wà nínú ẹ̀. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé HIV, rẹ́kórẹ́kó, ìtọ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń ṣe, obìnrin á wá máa sọ fún gbogbo ayé pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé hẹpatáítíìsì B wà nínú èyí tẹ́ ẹ kọ fún mi yìí?" Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín, kẹ́ ẹ lọ ṣe é ní lábù. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí ni wọ́n máa kán sórí sítíríìpù, kò ní tó wákàtí kan tí èsì á fi jáde.

Gbogbo oyún lẹ máa ṣe é fún o, ì báà jẹ́ ìkẹrin. Èsì tẹ́ ẹ gbà nígbà oyún ọmọ tó ti wà ní sùkúù báyìí kò sọ nǹkan kan nípa ti òní. Ẹni tí ò bá sì ṣe é rárá tí ìrọbí fi mú un, kó sọ fún wọn ní lébà wọ́ọ̀dù kí wọ́n ṣe é níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò tíì pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Tí èsì bá ní kò sí

Ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára ti àgbàlagbà. Mẹ́ta ni: ti òní, ti oṣù kan sí i, àti ti oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Aláboyún lè gbà á, kò sí kòkòrò tó wà láàyè nínú ẹ̀, kò lè kó àrùn ran ìyá tàbí ọmọ. Ẹni tó bá gba méjì kó tó bímọ á gba ìkẹta lẹ́yìn ìbí, kò sí wàhálà.

Kẹ́ ẹ sì mọ ibi tó ti lè wọlé. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni ọ̀nà ẹ̀. Kòkòrò yìí le gan-an, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára nǹkan, ó ṣì lè wà láàyè nínú ẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè kéré débi pé ojú ò ní rí i. Torí náà bíléèdì tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹlòmíì, kílípà tó bó ẹni tó jókòó ṣáájú yín lórí, sísọ́ọ̀sì àwọn tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tuntun, abẹ olóòlà, bíléèdì tí tọkọtaya jọ ń lò nílé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí wọ́n jọ ń lò, gbogbo ẹ̀ ló lè gbé e. Tí wọ́n bá fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún yín ṣá, kó jẹ́ pé ojú yín ni wọ́n ṣe tú bíléèdì tuntun nínú bébà, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin fúnra yín lè mú tiyín dání.

Ṣíbí, kọ́ọ̀bù, jíjẹun nínú abọ́ kan náà, dídì mọ́ra, bíbọwọ́, ikọ́, ẹ̀fọn, ìkankan nínú ìwọ̀nyí kì í gbé e. Mo sọ eléyìí torí pé mo mọ ilé tí wọ́n ti ya abọ́ sọ́tọ̀ fún ìyàwó, tí wọ́n ò jẹ́ kó fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́, ìyà tí ò nídìí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Tí èsì bá ní ó wà níbẹ̀

Mo mọ̀ pé àyà á já. Ẹ sunkún tó bá wù yín, àmọ́ ẹ má ṣẹ́ oyún, ẹ má sá fún ọsibítù, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ abẹ nìkan lẹ lè fi bímọ. Hẹpatáítíìsì B nìkan kì í ṣe ìdí tí wọ́n á fi la ikùn èèyàn. Ẹ lè fi ara yín bí i.

Dọ́kítà á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì míì. Ọ̀kan máa wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ HBeAg, òmíì ni viral load, ìyẹn bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Méjì yìí ló máa sọ bí ewu ọmọ ṣe tó. Obìnrin tí HBeAg rẹ̀ wà, tí ọmọ rẹ̀ ò sì rí ìdáàbòbò kankan gbà, ó lé ní ìdajì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó máa kó o, nígbà míì wọ́n máa ń sún mọ́ 90 nínú 100. Ti ẹni tí HBeAg rẹ̀ ò sí kéré sí ìyẹn gan-an, àmọ́ ewu ṣì wà.

Tí viral load bá tó 200,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí HBeAg bá wà, wọ́n á fún yín ní tenofovir, oògùn ẹyọ kan lójúmọ́, láti dín kòkòrò náà kù kí ọjọ́ ìbí tó dé. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 28 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nínú ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024, wọ́n ní ó dáa kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta àárín oyún, wọ́n sì fi kún un pé níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà láti ṣe viral load tàbí HBeAg, wọ́n lè fún gbogbo aláboyún tó bá ní kòkòrò náà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá dọ́kítà yín, pàápàá tí owó viral load bá ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ yín, torí owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò yẹ kí obìnrin dúró láìgba oògùn torí tẹ́ẹ̀sì tí ò lówó ẹ̀.

Ẹlòmíì á wo tenofovir lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí i pé wọ́n ń lò ó fún HIV, á wá da oògùn nù, tàbí àbúrò ọkọ á rí ike oògùn lórí tábìlì, ìròyìn á ti gba gbogbo ilé. Òótọ́ ni pé wọ́n ń lò ó fún méjèèjì, oògùn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò méjèèjì. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ní HIV. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé wọ́n yẹ HIV wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí ẹni tó bá ní méjèèjì kò gbọ́dọ̀ lo tenofovir nìkan, oògùn HIV tó pé ló máa lò. Kẹ́ ẹ má sì dá a dúró fúnra yín, bó ti wù kí ara le tó, torí tí wọ́n bá dédé dá a dúró, kòkòrò náà lè gbérí padà kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Dọ́kítà ló máa sọ ìgbà tí wọ́n máa dúró, nígbà míì lẹ́yìn ìbí ni, nígbà míì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gba àjẹsára ẹ̀ tán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àgbo. Mi ò bá àwọn ìyá wa tó ń ta àgbo jà, wọ́n ń gbìyànjú. Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi lórí eléyìí. Ẹ̀dọ̀ yín ni kòkòrò yìí wà, ẹ̀dọ̀ yẹn náà ló máa sẹ́ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá mu, egbò, ewé, ọtí tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe lágbára tó, lórí ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn, nínú aláboyún, ewu lórí ewu ni. Wọ́n á ní ẹnì kan mu ún, ojú rẹ̀ tó yẹ́lò sì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú máa ń mọ́ fúnra ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ibà àti àìsàn míì náà sì lè sọ ojú di yẹ́lò. Ẹ ní kí ẹni tó ní òun ti gbádùn yẹn lọ tún HBsAg ṣe. Títí di òní, kò tíì sí oògùn kan, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tó dájú pé ó ń lé kòkòrò yìí kúrò pátápátá lára gbogbo ẹni tó bá lò ó. Dídín in kù àti dídáàbò bo ọmọ ló wà, ìyẹn sì ṣeé ṣe dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọkọ àti ará ilé

Ibí ni ìgbéyàwó ti ń dàrú, torí náà ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí gan-an. Èsì tí ìyàwó yín gbà kò sọ pé ó yan àlè. Níbi tiwa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní kòkòrò yìí, ìgbà tí wọ́n bí wọn tàbí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ni wọ́n ti kó o, ọwọ́ ìyá wọn, tàbí ọwọ́ ọmọdé míì nínú ilé, tàbí abẹ tí wọ́n fi ṣe nǹkan fún wọn. Ó lè ti wà lára rẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì tó mọra. Ó sì lè jẹ́ ara yín ló wà. Ẹnikẹ́ni ò lè wo bébà èsì kó sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in.

Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ẹ kó àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ti bí tẹ́lẹ̀ lọ náà. Kí ẹni tí ò bá ní in gba àjẹsára mẹ́ta yẹn. Kó tó gbà á tán, kẹ́ ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù. Bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ohun ìgékánná, oníkálukú ní tiẹ̀. Tí ìyá bá ní egbò, kó dì í. Ìyẹn náà ló tó nínú ilé.

Tí èsì ìyàwó bá ní kò sí àmọ́ tọkọ wà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kíákíá, kó bẹ̀rẹ̀ àjẹsára láìdúró, kí wọ́n sì tún tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ṣe nígbà tí ìbí bá ń sún mọ́lé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ọmọ á ti wá kó tó di ọjọ́ ìbí

Láti ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ yìí ti wà nínú àjẹsára ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà, gbogbo ọmọ ló wà fún, tí ìyá ní kòkòrò tàbí tí kò ní. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í rí i gbà lásìkò, kì í sì í ṣe pé abẹ́rẹ́ ò sí ní ìlú. Wọ́n bí ọmọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó ń gún àjẹsára ti lọlé, kọ́kọ́rọ́ fìríìjì wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè tí àwọn ọmọ bá pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ.

Torí náà, tí oyún bá ti tó ọ̀sẹ̀ 34 sí 36, ẹ bi ibi tẹ́ ẹ fẹ́ bímọ sí láwọn ìbéèrè yìí: ṣé abẹ́rẹ́ hẹpatáítíìsì B wà ní lébà wọ́ọ̀dù gan-an, àbí ọjọ́ àjẹsára nìkan ni? Tó bá jẹ́ Sátidé tàbí òru ńkọ́? Ta ni kọ́kọ́rọ́ fìríìjì wà lọ́wọ́ ẹ̀? Tí ìdáhùn ò bá dá yín lójú, ẹ wá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà míì tó wà nítòsí tí wọ́n á ti lè gún un, kí ọkọ tàbí ìyá yín mọ ọ̀nà ibẹ̀, torí ẹ̀yin lè má lè dìde.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá ò mọ̀. Abẹ́rẹ́ BCG, èyí tó máa ń fi àpá sí apá ọmọ, tí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló lè lò, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń dúró kí ọmọ pọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ti hẹpatáítíìsì B ò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa sínú òtútù, ìgò tí wọ́n ti ṣí lè lò tó ọjọ́ 28. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ padà wá torí ọmọ ò tíì pọ̀, ẹ fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká dúró de BCG, àmọ́ ẹ bá mi gún ti hẹpatáítíìsì fún un lónìí." Ó máa yé nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bí sí ilé àbíyè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àdúgbò, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé kòkòrò yìí wà lára yín, mo bẹ̀ yín, ọsibítù ni kẹ́ ẹ bí i sí. Tí ipò bá wá mú kó jẹ́ ibẹ̀ náà lẹ bí sí, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn àgbà lè ní ọmọ ò gbọdọ̀ rí ìta kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ti bá ìyá ọkọ yín sọ ọ́ ṣáájú, nígbà tí ara ṣì rọ gbogbo èèyàn, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fa ọ̀rọ̀. Kò yẹ kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kẹjọ kí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ yìí.

Abẹ́rẹ́ kejì kan wà tí wọ́n ń pè ní HBIG, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kòkòrò náà nìkan ló wà fún. Ó wọ́n, kò sì pọ̀ níta. Ẹni tí agbára ẹ̀ bá ká a, kó ti ra á sílẹ̀ kí ìbí tó dé, kí dọ́kítà bá a ṣètò ibi tó tutù tí wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sí, wákàtí 12 àkọ́kọ́ ló dáa jù kí wọ́n gún un, ní itan kejì, kì í ṣe èyí tí wọ́n gún àjẹsára sí. Ẹni tí ò bá rí i rà, kó má bọkàn jẹ́, kó má sì tìtorí ẹ̀ dá ti àkọ́kọ́ dúró fún wákàtí kan. Tenofovir tí ìyá lò dáadáa àti àjẹsára tí ọmọ tètè gbà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ ìbí

Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó máa gbẹ̀bí, ẹ fi káàdì hàn án, ẹ má tijú, òun náà fẹ́ dáàbò bo ara ẹ̀. Kí wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọmọ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Itan ni wọ́n máa gún un sí. Kí ọkọ tàbí ẹni tó bá tẹ̀ lé yín wo káàdì ọmọ kó rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ àti àkókò síbẹ̀.

Tí wákàtí 24 bá wá kọjá ńkọ́? Ẹ ṣì gbé e lọ. Wọ́n á ṣì gún un, kò dáa tó ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n ó dáa ju kó má gbà á rárá lọ. Ọmọ tó kéré ní ìwọ̀n tàbí tí oṣù ẹ̀ ò pé náà máa gbà á.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọmú

Ẹ fún un lọ́mú. Wàrà ìyá kì í gbé kòkòrò yìí fún ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ ẹ̀, tenofovir náà ò sì ní kẹ́ ẹ má fún un. Tí orí ọmú bá la tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi hàn nọ́ọ̀sì kó tọ́jú ẹ̀, ẹ lè máa fi ẹ̀gbẹ́ kejì fún un títí tó fi máa jinná.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14

Abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí nìkan ò tó. Àjẹsára hẹpatáítíìsì B wà nínú abẹ́rẹ́ Penta tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ẹ má fo ìkankan. Tí ẹ bá sì fẹ́ dábẹ́ fún ọmọkùnrin tàbí lu etí fún ọmọbìnrin, ohun èlò tuntun tàbí èyí tí wọ́n sè dáadáa ni kí wọ́n lò.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ padà lọ wo ọmọ, ẹ wo ara yín náà

Láti oṣù 9 sí 12, ẹ gbé ọmọ lọ fún tẹ́ẹ̀sì méjì. Ẹ má ṣe é ṣáájú oṣù 9 torí èsì ẹ̀ lè ṣini lọ́nà. HBsAg máa sọ bóyá kòkòrò wà lára ọmọ. Anti-HBs máa sọ bóyá àjẹsára ti mú un. Tí ti àkọ́kọ́ ò bá sí tí ìkejì sì wà, ọmọ yín ti bọ́. Tí méjèèjì ò bá sí, wọ́n á tún àjẹsára rẹ̀ gún. Tí HBsAg bá wà, ẹ mú un lọ bá dọ́kítà ọmọdé tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sí sùkúù, tó ń ṣeré, tí ara wọn dá.

Ìyá náà ńkọ́? Àwa obìnrin máa ń gbàgbé ara wa tọ́mọ bá ti dé. Láàárín oṣù díẹ̀ sí ìbí, ẹ padà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀, pàápàá tí wọ́n bá dá tenofovir dúró, torí ìgbà yẹn ni kòkòrò máa ń fẹ́ gbérí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi dọ́kítà bóyá ẹ nílò oògùn títí lọ, kẹ́ ẹ sì máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bí wọ́n bá ṣe sọ. Ẹ yẹra fún ọtí, paraga wà níbẹ̀. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má yọ ibi tó bu kẹ́ ẹ jẹ ìyókù, torí májèlé tó wà nínú ẹ̀ máa ń mú kí jẹjẹrẹ tètè wọ ẹ̀dọ̀ ẹni tó ní kòkòrò yìí. Ẹ so káàdì tiyín mọ́ ti ọmọ, kẹ́ ẹ máa mú méjèèjì lọ lọ́jọ́ kan náà.